Ogun tí Ìlọ̀rí Ní Òun Lọ

Bí ènìyàn bá kí Àbíbù aránṣọ pé, "Ẹ káàárọ̀," yóò kọ́kọ́ yọrí wo oòrùn kó tó dáhùn, kó má lọ jẹ́ pé ọ̀sán ti pọ́n, tí onítọ̀hún fẹ́ fi ìkíni rẹ́ òun jẹ. Wọ́n ní láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó bọ́ sílẹ̀, kò ké bí ọmọ aráyé ti ń ké. Ńṣe ló ranjú, tó wo gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Ìgbà tó wò wọ́n tán, tí kò rí ẹni tó ṣe é fọkàn tán, ló tó wá figbe ta. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi òkè Ṣábẹ̀ léèrè. Òkè náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì kúrò.

Ìlọrin ni bàbá Àbíbù ti wá, láyé àwọn Faransé, tòun ti ẹrù òwú àti abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí Àbíbù sí, níbẹ̀ ló ti dàgbà, níbẹ̀ ló ti fẹ́ Awawou, kò sì fi ojú kan Ìlọrin rí. Síbẹ̀, nítorí ilà ojú rẹ̀, "ará Nàìjíríà" ni wọ́n ń pè é. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó sì súnmọ́ ọn débi pé bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Paraku bá ń kọjá, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ á máa dá ránṣọ fúnra rẹ̀. Àlùmọ́gàjí dúdú wúwo kan ló fi ń gé aṣọ. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Ogún kan ṣoṣo tó jẹ láyé nìyẹn. Kì í fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀ bó bá ń jáde. Inú àpò aṣọ rẹ̀ ló ń wà, kódà bó bá ń lọ síbi ìsìnkú, torí ó ní ọ̀fọ̀ gan-an ni olè máa ń fẹ́.

Kò sí ohun tí Àbíbù kì í fura sí. Bí Awawou bá gbé iyán síwájú rẹ̀, á bèèrè pé ta ló bó iṣu. Bí òjò bá ṣú, á ní òjò yìí ní ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń fura sí, kò sí èyí tó fún un níṣẹ́ tó mẹ́dáyì Ìlọ̀rí.

Ìlọ̀rí ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó kajú sí. Ó ga, ó gbẹ, bí igi ẹ̀gẹ́ tí ewúrẹ́ ti jẹ ewé rẹ̀ tán. Nírọ̀lẹ́, kó tó lọ síbi ìṣọ́ rẹ̀, á wá jókòó lórí àga gbọọrọ tó wà níwájú ìsọ̀ Àbíbù, nínú aṣọ kakí tó ti ṣí, mẹ́dáyì náà á máa dán ní igbá àyà rẹ̀: idẹ róbótó kan, irú èyí tí ìjọba fi ń yin ọmọ ogun tó bá ṣe akin.

"Mẹ́dáyì ogun rèé," á wí, á sì fi èékánná kàn án kó lè dún. "Ní Ẹndosín ni mo ti gbà á, nígbà tí Faransé kó wa lọ jagun lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń jí."

Ìtàn á wá bẹ̀rẹ̀. Ìlọ̀rí gbé ọ̀gágun Faransé kan pọ̀n, ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá omi pẹ̀lú rẹ̀, ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ewúrẹ́ kan lẹ́nu.

"Ewúrẹ́ ṣe dé ibẹ̀?" Àbíbù á bèèrè láìgbójú sókè.

"Àbíbù, ebi kì í pa ọmọ ogun ni?"

Àwọn tó ń dúró de aṣọ wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa lu ara wọn lẹ́yìn. Àbíbù ò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Omi yẹn ló ń rò. Nígbà tí Ìlọ̀rí kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, omi ìsun ni wọ́n là kọjá, kò tó orúnkún. Nígbà tó yá, ó di odò.

"Bó bá fi máa di àmọ́dún," Àbíbù wí fún ìyàwó rẹ̀, "òkun ni wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ kọjá, ewúrẹ́ yẹn á sì ti di màlúù."

"Bàbá Ramatou, kí ló kàn yín níbẹ̀?" Awawou dá a lóhùn. "Ẹnu rẹ̀ ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé màlúù náà."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn án. Okùn aṣọ tí wọ́n fi so mẹ́dáyì náà kọ́ ti jẹrà, Ìlọ̀rí sì gbé e wá kí Àbíbù bá a ṣe òmíràn. Àbíbù tú inú àpò àkísà, ó rí àjákù aṣọ pupa tí wọ́n rán nígbà tí wọ́n sọ Ramatou ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó gé e, ó rán an. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ tí Ìlọ̀rí ń sọ fún àwọn ará Bẹsé kan pé ọ̀gágun àgbà kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ so okùn pupa yẹn, pé bó ti ń so ó ni omijé ń dà lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu Àbíbù, díẹ̀ ló kù kó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà parí nínú ọkàn rẹ̀: ọkùnrin yìí kò lọ sógun kankan. Kò kàn sọ fún ará ìta ni, nítorí ẹni tó bá wá gbọ́ ìtàn Ìlọ̀rí máa ń rántí níbẹ̀ pé aṣọ òun ya.

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí àwọn ajagungbowó fi fi ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí Kútọ̀nù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n yìnbọn, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì tún fò lọ. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò fi ojú méjèèjì sùn mọ́. Rédíò ní kí kálukú máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Àlejò tó bá bèèrè ọ̀nà, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Obìnrin tó bá ra iṣu púpọ̀, wọ́n á ní ta ló fẹ́ bọ́. Kí á sáà sọ pé gbogbo ilẹ̀ náà ló di Àbíbù. Inú Àbíbù alára kò dùn sí i. Ó dà bíi pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Pierre ni dẹlẹgẹ́ àdúgbò náà, ojú àti etí ìjọba Ehuzu, bí àwọn Fọ̀n ti ń pe àyípadà tí àwọn ológun mú wá. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kútọ̀nù ló ti dàgbà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ: kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ yá ọkọ́ ní Ofẹ̀, ọkọ ni gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ gbọ́ pé ó fẹ́ yá, wọ́n sì bá a wá a. Ó tún ní kò sí àgbà, kò sí ọmọdé nínú Ehuzu, kámáráàdì ni gbogbo wa. Nítorí náà, "ìwọ" ló ń pe gbogbo ẹni tó lè bí i lọ́mọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọ ìsọ̀ Àbíbù, ó sì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Kámáráàdì Àbíbù, ìwọ lo rán okùn mẹ́dáyì Ìlọ̀rí?"

Àbíbù wo oòrùn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo bi ọ́."

"Èmi náà bi ọ́ ni."

Pierre rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbọ́. Bí ọkùnrin yẹn bá jagun fún Faransé lóòótọ́, mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣì mọ̀ lọ́hùn-ún. Ta ló fi ọ̀nà han àwọn tó wá pa wá? Bó bá sì jẹ́ irọ́ ló ń pa, a jẹ́ pé ó jí iyì àwọn tó kú."

"Bó bá jẹ́ òótọ́, ó jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ irọ́, ó jẹ̀bi," ni Àbíbù wí. "Ọ̀nà wo ló wá kù fún un?"

"Ọ̀nà Paraku. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé. Àwọn ológun tó wà níbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní ìbéèrè." Ó fọwọ́ pa aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ bí ẹni fẹ́ rà á. "Ìpàdé wà lọ́jọ́ Sátidé ní ilé ẹ̀kọ́. Wàá dìde, wàá sọ ohun tí o mọ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi náà á wá wo kàátì rẹ, bóyá ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọ́. Àwọn àjèjì ti pọ̀ jù lẹ́bàá ojú irin yìí."

Ó jáde. Àbíbù kò ní kàátì kankan. Kò sí ìwé kan láyé tó sọ pé Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ tó mọ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n lè lé e kúrò nínú ìlú kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé, kí wọ́n ní kó máa lọ sí Ìlọrin tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, Ìlọ̀rí á wọ ọkọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ náà, ó gé ṣòkòtò oníbàárà kan, ẹsẹ̀ òsì ló gé méjèèjì.

"Ẹ sọ ọ́ nígbà náà," ni Awawou wí nígbà tó gbọ́. "Ẹ ti ń bínú sí irọ́ yẹn látọjọ́. Wọ́n wá ní kí ẹ sọ ọ́ síta, ẹ ń gbọ̀n."

"Mo fẹ́ kí ojú tì í ni. N ò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Àwa ńkọ́? Àwa tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún pé ká jáde?"

Àbíbù mú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì náà, ó ká a, ó jókòó lé e.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọyẹ́ ń fẹ́ débi pé ètè gbogbo èèyàn ti là. Wọ́n péjọ sábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́. Àbíbù ti rò pé Ìlọ̀rí á ní làákàyè, á bọ́ mẹ́dáyì náà sílé. Ìlọ̀rí gbé e kọ́, ó tún ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Pierre ké igbe Ehuzu, wọ́n dá a lóhùn, ó ní kí Ìlọ̀rí dìde, ó sì sọ ẹjọ́ rẹ̀ bó ti sọ ọ́ fún Àbíbù: òótọ́ ni o, ẹ̀ṣẹ̀, irọ́ ni o, ẹ̀ṣẹ̀.

Àgbẹ̀ kan láti Ofẹ̀ nawọ́. "Mo fẹ́ bèèrè. Irọ́ ni ẹ ní Bàbá Germaine pa, àbí?" Germaine ni àkọ́bí Ìlọ̀rí. "Ó pa irọ́, kò pa èèyàn. Láti ìgbà wo la ti ń ti ẹni tó pa irọ́ mọ́lé bí ẹni tó pa èèyàn?"

"Ẹnu náà ní òfin tó dè é!" Pierre fọhùn.

"Ha!" Albertine ló sọ̀rọ̀, obìnrin sìgbọnlẹ̀ tó ń ta ọtí sódábì. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti purọ́ ogun rí, kó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ta ló wá máa kù ní Ṣábẹ̀ tó máa juwọ́ sí wọn? Kámáráàdì Pierre, ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ ní ọ̀dọ̀ mi pé o fi ọwọ́ ara rẹ fún ajagungbowó kan lọ́rùn? Ọjọ́ Àìkú yẹn kan náà, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ mi lo jókòó sí. O tilẹ̀ ní ata rẹ̀ pọ̀ jù."

Ẹ̀rín sọ. Ojú Pierre pọ́n. "Ìyẹn yàtọ̀! Mo fi ń gbé ọkàn àwọn èèyàn ró ni."

"Ọkàn tèmi náà ni Bàbá Germaine ń gbé ró. Tirẹ̀ sì ní ewúrẹ́ nínú."

Ẹ̀rín náà ò tíì tán nígbà tí Àdìjá dìde, ẹ̀rín sì kú pii. Àdìjá ń fọ́ kajú, epo èèpo kajú ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Moussa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wọ iṣẹ́ ológun, ó sì kú ní Kútọ̀nù lọ́jọ́ Àìkú yẹn.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín," ó wí. "Ó dáa. Wọ́n ní Moussa ń lọ ra búrẹ́dì ni. Kò rí ẹni tó yìnbọn lù ú. Kò yìnbọn sí ẹnikẹ́ni. Wọn ò fún un ní mẹ́dáyì, páálí aṣọ rẹ̀ ni wọ́n kó fún mi. Bí gbogbo ẹnu tó bá ti lè ya bá lè gba mẹ́dáyì, kí ni wọ́n ń pè ní tọmọ tèmi?"

Ó jókòó. Ìlọ̀rí wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo mẹ́dáyì náà.

Àgbà alágbẹ̀dẹ kan tí iná ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán ló tún fọhùn. "Kó fi ahọ́n kan irin. Bó bá purọ́ lórí irin, irin á mọ ohun tó máa ṣe fún un."

"A ò fẹ́ òrìṣà nínú ìpàdé yìí," Pierre wí. "Ehuzu ti lé wọn."

"Ta ló pe òrìṣà? Irin ni mo wí. Ọkọ́ àgbẹ̀, irin ni. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbé e lọ, irin ni. Ẹ ní ti òṣìṣẹ́ ni ìjọba yìí. Kí ni òṣìṣẹ́ ní tó ju irin lọ?"

Pierre ní kí wọ́n ṣe é kíá. Wọ́n ní ta ló ní irin lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí àpò Àbíbù. Bó ṣe di pé àlùmọ́gàjí tó ń gbé kiri nítorí olè ló bọ́ sẹ́nu Ìlọ̀rí nìyẹn.

Àbíbù ló gbé e fún un, nítorí náà òun ló dúró tì í jù. Ó rí òógùn lójú ọkùnrin náà nínú ọyẹ́ tó ń fẹ́. Ìlọ̀rí fi irin náà kan ahọ́n, ó pajú dé.

"Mẹ́dáyì tó wà láyà mi," ó wí tòun ti itọ́ tòun ti irin, "mẹ́dáyì ogu..."

Ohùn rẹ̀ gbéra bí ẹni fẹ́ gòkè, ó kọsẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀. "...ni."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Pierre fò sókè. "Ogun ni!"

"Ogún ló wí!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ó jogún ẹ̀ ni!"

"Ogun ni mo gbọ́."

"Ogún ni jàre! Etí rẹ dí."

"Kí ni ìyàtọ̀ ogun àti ogun?" Pierre bèèrè, ó sì pe méjèèjì bákan náà.

"Ìyàtọ̀ ibẹ̀," Albertine wí, "ni pé bí bàbá rẹ bá kú, tó fi oko sílẹ̀ fún ọ, ọ̀kan nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ìbọn lé ọ kúrò nínú oko náà, èkejì nìyẹn."

Pierre nu ojú rẹ̀. Ó yí sí Àbíbù. "Ìwọ lo dúró tì í. Èwo ló wí? Rántí ohun tí a jọ sọ o."

Àbíbù gba àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ. Òun nìkan ló mọ iye ìrọ̀lẹ́ tí Ìlọ̀rí ti jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀ tó ń wí "ogun", ọ̀rọ̀ náà á tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wí lórí irin yìí ńkọ́? Ó gòkè àbí kò gòkè? Ó rí Àdìjá tó ń wo òun. Ó rí Awawou láàárín àwọn obìnrin, tó mú gèlè rẹ̀ dání bí ẹni fẹ́ dì í sórí ẹrù. Ó sì wo Pierre, ìfura rẹ̀ àtijọ́ bá jí: bí wọ́n bá gbé ẹni yìí lọ lónìí nítorí odò àti ewúrẹ́, ta ni wọ́n máa gbé lọ́la? Ẹni tó bèèrè pé ta ló bó iṣu?

"Ogún ni," Àbíbù wí. Ó gbé òpin ọ̀rọ̀ náà sókè, kódà adití á gbọ́ ọ. "Ogún ló wí. Ogún ló sì ti ń wí látọjọ́. Bí mo ṣe jogún àlùmọ́gàjí yìí náà ló ṣe jogún mẹ́dáyì yẹn. Ẹ̀yin lẹ ò fetí sílẹ̀."

"Ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ta ni?"

Ìlọ̀rí la ojú. "Lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Wọ́n mú un lọ sí Ẹndosín. Ó kú. Wọ́n fi mẹ́dáyì ránṣẹ́. Kò bímọ."

Ó tán. Kò sí odò, kò sí ọ̀gágun, kò sí ewúrẹ́. Àbíbù kò gbọ́ ìtàn tó gbẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó fura sí i ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó ti wá jẹ́ pé lójoojúmọ́..." Pierre bẹ̀rẹ̀.

"Ogún!" ni gbogbo abẹ́ máńgòrò náà dáhùn, tọkùnrin tobìnrin, àgbẹ̀ Ofẹ̀, Albertine, àti àwọn tó ti gbọ́ ọ̀gágun àgbà tó ń sunkún. "Ogún ló ń wí! Ẹ kọ́ Yorùbá, kámáráàdì!" Wọ́n purọ́ náà papọ̀, wọ́n sì pa á dáadáa, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ ṣìnà. Pierre wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì kò lè bá odindi ìlú jiyàn lórí rẹ̀. Ó ké igbe Ehuzu, ohùn rẹ̀ kò dé ibi kan, ìpàdé tú.

Àdìjá dúró de Àbíbù lójú ọ̀nà.

"Àbíbù. Mo gbọ́ ohun tó wí. Etí tèmi kò dí."

Àbíbù fẹ́ sọ̀rọ̀. Àdìjá ti kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ Paraku kọjá láìgbé ẹnikẹ́ni. Pierre wá sí ìsọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ṣèlérí, ojú rẹ̀ le.

"Kàátì rẹ dà?"

Kí Àbíbù tó la ẹnu, Ìlọ̀rí ti dìde lórí àga gbọọrọ. "Kàátì kí ni? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i! Àkéte ìyá rẹ̀ ni mo jókòó tì, èmi ni mo mú fìtílà dání. Ẹ gbọ́ o, kò ké! Ńṣe ló ranjú, tó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Ó wò mí, ó tún mi wò. Mo ní, hà, ọmọ Ṣábẹ̀ pọ́ńbélé rèé!"

Ìlọ̀rí kò fi nǹkan gidi ju Àbíbù lọ lọ́jọ́ orí. Àbíbù mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwọn tó wà lórí àga náà mọ̀ ọ́n. "Àwa náà wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. Ọ̀kan ní òun ló pọn omi. Òmíràn ní ìyá òun ló gé ìwọ́. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, yàrá tí wọ́n bí Àbíbù sí ti kún ju ọjà Ṣábẹ̀ lọ. Pierre dúró, ó gbọ́ ọ títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, bàbá," ó wí fún Àbíbù, ó sì jáde. Kò mọ̀ pé òun ti wí "ẹ".

Ìtàn ìbí yẹn ló kù títí dòní. Àbíbù gbìyànjú láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ó ṣọ́ Ìlọ̀rí títí bóyá irin á mú un. Bí Ìlọ̀rí bá sín, Àbíbù á dá ẹ̀rọ dúró. Bí Ìlọ̀rí bá pẹ́ kó tó dé nírọ̀lẹ́, Àbíbù á rán Awawou lọ wò ó. Irin kò mú un. Ńṣe ló tilẹ̀ sanra. Ó lè jẹ́ pé ohùn yẹn gòkè lóòótọ́, pé ẹ̀gbọ́n kan wà. Ó sì lè jẹ́ pé irin pàápàá fẹ́ràn ìtàn ewúrẹ́. Àbíbù ò mọ̀ ọ́n títí ayé, kò sì bèèrè, torí kò sí èsì tó máa gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Ìlọ̀rí kò tún wí "mo" nínú ìtàn ogun mọ́. Bó bá ti jókòó nírọ̀lẹ́, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń sọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Moussa. Àbíbù bẹ̀rù rẹ̀. Ó fi ojú pè é kó dákẹ́, pàápàá lọ́jọ́ tí Àdìjá fúnra rẹ̀ gbé aṣọ tó ya wá, tó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wọn tí Ìlọ̀rí ò rí i. Láti ọjọ́ ìpàdé kò tíì kí Àbíbù.

"Moussa gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́," Ìlọ̀rí ń wí, "torí ọmọ tó mọ iyì oúnjẹ ni. Ó fa ìbọn gbà lọ́wọ́ ọ̀kan, ló bá gbá tẹ̀ lé wọn. Àwọn ajagungbowó méjì! Ó ń lé wọn lọ..."

"Mẹ́ta ni," Àdìjá wí.

Gbogbo wọn yíjú. Ìlọ̀rí dìde, ó ṣí fìlà. Ọwọ́ dúdú Àdìjá di aṣọ náà mú mọ́ àyà.

"Mẹ́ta ni wọ́n," ó tún wí. "Ó lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àbíbù wo obìnrin náà, ó pẹ́ tó fi wò ó, ìbéèrè kan sì ń yí lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tó ti ń bi gbogbo ayé láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ibi tó ya. Ó fi ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ.

"Ìyá Moussa," ó wí láìgbójú sókè, "ọ̀sà tó wà ní Kútọ̀nù yẹn ńkọ́? Ó là á kọjá?"

"Ó là á kọjá," Àdìjá dáhùn.

"Ó fẹ̀?"

Àdìjá ronú díẹ̀. Ó wá àyè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlọ̀rí lórí àga gbọọrọ.

"Ó fẹ̀ gan-an," ó wí.